Ohùn Òkú Tí Mo Jó Sínú Àwo

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ yín. Kí Kòkúmọ́ Ẹlẹ́numẹ́ta tó yanu ni ẹ ti máa ń di ikùn mú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti ẹ̀rín. Ó ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja láti ìgbà tí ìjọba ti ẹnu bodè pa. Bí mo bá gbé e mì, yóò pa mí. Bí mo bá pọ̀ ọ́ síta, yóò dójú tì mí. Mo ti rò ó títí, mo ní kí ojú kúkú tì mí. Ẹ gbọ́ o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti pàtẹ́wọ́ fún mi rí: èmi ni mo jí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lẹ́nu òkú. Mo jí i, mo fi tèmi rọ́pò rẹ̀, ilé ńlá kan ní Ọjà-Ọ̀dàn gba irọ́ náà gbọ́, wọ́n sì fi lé ọmọ wọn obìnrin síta bí ẹni lé ajá.

Kí n tó di oníkọ̀ǹpútà, òṣèré orí ìtàgé ni mí. Ẹgbẹ́ wa a máa gbé eré kiri láti Ìmẹ̀kọ títí dé Àgọ́sàsà, inú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ la sì ti sábà máa ń ṣe é. Irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n mi tí wọ́n ti ń fún mi ní ipa bàbá arúgbó. Mo mọ ikọ́ àwọn àgbà, mo mọ bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń fa omi nínú kànga jíjìn, mo mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ láàárín gbólóhùn tí àwọn ọmọ á fi máa wojú ara wọn pé, "Àbí Bàbá ti lọ?" Kò sí eré wa kan tí n kì í kú níparí rẹ̀. Kí n tó kú, mo gbọ́dọ̀ pe ọmọ tó bà mí nínú jẹ́, kí n gbọ́wọ́ lé e lórí, kí n sọ pé, "Mo dárí jì ọ́." Àwọn ìyá á bú sẹ́kún, àwọn ọ̀dọ́ á súfèé, èmi òkú á sì dìde, á tẹríba, á lọ jẹun. Bí mo ṣe rò pé gbogbo bàbá ayé ṣe ń kú nìyẹn. Òmùgọ̀ ni mí, ṣùgbọ́n n kò tíì mọ̀ nígbà náà.

Nígbà tí eré kò mú ọbẹ̀ dùn mọ́, mo ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ní Ọjà-Ọ̀dàn. Iṣẹ́ mi ni pé kí n gba fọ́tò ìgbéyàwó, fídíò ìkómọ, wáàsí àwọn àlùfáà, ohunkóhun tó wà nínú fóònù tàbí mẹ́mọ́rì yín, kí n kó o sínú àwo síídì tí ẹ óò gbé sílé kó má bàa parun. Jíjó là ń pè é, nítorí ìmọ́lẹ̀ kékeré kan nínú ẹ̀rọ náà ló ń jó ọ̀rọ̀ mọ́ ara àwo. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi pé: FÓÒNÙ Á SỌNÙ, KỌ̀ǸPÚTÀ Á KÚ, ÀWO KÒKÚMỌ́ KÒ NÍ KÚ. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Èmi alára fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo gbà á gbọ́.

Bàbá Àúdù jẹ́ oníbàárà mi. Àgbẹ̀ ni, mùsùlùmí tí kì í fi ìrun jáfara, wáàsí ló sì máa ń rà lọ́wọ́ mi. Ó bí Sàláúdéènì, ó bí Lábísí. Sàláúdéènì ń fi ọ̀kadà gbé ìrẹsì láti ìhà Bìnẹ̀ lódìkejì bodè, gba ojú ọ̀nà igbó wọlé. Gbogbo wa la mọ̀, gbogbo wa la sì ń jẹ ìrẹsì náà, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Lábísí ní tirẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Àyétòrò, ń din dùńdú lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí àwọn aṣọ́bodè ń dúró sí, àwọn náà sì ń jẹ nínú rẹ̀. Ìjọba wá ti bodè pa. Àwọn aṣọ́bodè tó ti ń bá èèyàn ṣe àwàdà tẹ́lẹ̀ di ẹni tí ojú wọn le koko. Bàbá Àúdù ní kí Sàláúdéènì jáwọ́. Ó ní, "Bàbá, bọ́dà ni wọ́n tì, wọn ò ti ẹnu wa." Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí ọmọkùnrin náà ti ń gbé ẹrù bọ̀, ó rí àwọn aṣọ́bodè tí wọ́n dúró dè é ní oríta tí ẹnikẹ́ni kò tíì dúró sí rí. Wọn ò fọwọ́ kàn án. Ṣe ló fi ìbẹ̀rù yà sínú igbó, ọ̀kadà sáré lu kùkùté igi, ó sì kú kí oòrùn tó mú.

Ta ló sọ fún wọn? Ìbéèrè tó gba ìlú kan nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ibodè, ẹ lè má mọ ohun tí ọ̀rọ̀ olófòófó jẹ́ lọ́dọ̀ wa. À ń jókòó ti olè, à ń bá oníjà jẹun, ṣùgbọ́n a kì í kí olófòófó. Bàrúwà, àbúrò Bàbá Àúdù, tó ń pàṣẹ bí olórí ẹbí wọn, ọkùnrin tó bá wúkọ́ lásán tí ewúrẹ́ á dìde, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde. Ó ní, "Ẹni tó ń bọ́ ajá, òun ni ajá ń bá sọ̀rọ̀. Ta ní ń fún wọn ní dùńdú?" Lábísí búra títí, ó fi ọwọ́ lé Kùránì. Wọn ò sọ pé òun ni, wọn ò sì sọ pé òun kọ́. Wọ́n kàn ní kó lọ simi díẹ̀ ní Àyétòrò, nílé ọkọ rẹ̀. Bàbá Àúdù jókòó sáàárín wọn, kò sọ nǹkan kan. Gbogbo wa ní ìbànújẹ́ ló dí i lẹ́nu.

Nígbà tó ṣe, àìsàn dé bá bàbá náà. Ọjọ́ kan ni mo ṣàdédé rí i tó ń fi ọ̀pá wọ́lẹ̀ bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó ti gbẹ bí ewé tábà. Ó ní, "Kòkúmọ́, mo fẹ́ kí o ká ohùn mi sínú àwo." Mo ní, "Bàbá, ṣé kí n fi fóònù ká a? Kíá ni." Ó ní, "Fóònù ọmọdé ni yẹn, gbogbo ayé ló ń bá sọ̀rọ̀. Àwo ni mo fẹ́, irú ti wáàsí. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, gbé e fún Bàrúwà. Kí wọ́n lò ó níbi fidáù mi, lójú gbogbo ilé. Kí Lábísí sì wà níbẹ̀." Mo ṣe àwàdà, mo ní, "Bàbá, ẹ ò kúkú sọ ọ́ fún wọn lójúkojú, kí ẹ gbà mí lọ́wọ́ wàhálà?" Ó wò mí. Ó ní, "Ojú ni kò jẹ́." Mo gbé gbohùngbohùn síwájú rẹ̀, mo fi bí yóò ṣe ṣe é hàn án, ó sì ní kí n jáde. Mo dúró síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo, n kò gbọ́ gbólóhùn kan. Nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù. Ó ní, "Jó o dáadáa o, ọmọ mi." Mo ní, "Bàbá, àwo Kòkúmọ́ kì í kú."

Mo ti àwo bọ inú ẹ̀rọ, mo ní kó máa jó. Ìgbà náà ni wọ́n ní kí wọ́n má gbé epo bẹntiróòlù dé ìlú tó bá sún mọ́ bodè mọ́, inú ìgò la ti ń ra ìwọ̀nba tí a ń rí, bí oògùn ikọ́. Àárín iṣẹ́ ni epo tán. Jẹnẹrétọ̀ húkọ́, ó dákẹ́, kọ̀ǹpútà kú fin-ín. Nígbà tí iná ìjọba dé, mo yọ àwo náà, mo yí ikùn rẹ̀ sókè. Àwo tó ti jó máa ń ní òrùka dúdúdúdú níkùn, èyí sì ní. Mo ní, "Ó ti jó." Ẹni tó bá rí èéfín ló ní ọbẹ̀ ti jiná! Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n dá a padà sínú ẹ̀rọ, kí n fetí gbọ́ ọ dópin. Akẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kìíní mọ ìyẹn. N kò ṣe é. Mo fi máakà kọ "BÀBÁ ÀÚDÙ" sí i lẹ́yìn, mo gbé e sínú àpótí. Kò pẹ́ tí wọ́n gbé fídíò ìgbéyàwó kan wá, gbogbo rẹ̀ ijó àti ìnáwó, kọ̀ǹpútà mi sì ní òun ti yó, kò sí àyè mọ́. Mo wo ohun tí mo lè pa rẹ́. Mo rí ohùn Bàbá Àúdù. Mo ní, "Ìyẹn ti wà nínú àwo." Mo pa á rẹ́, mo fi ijó rọ́pò rẹ̀.

Bàbá Àúdù kú. Bàrúwà dé pẹ̀lú fìlà funfun, ó ní, "Kòkúmọ́, gbé àwo ẹ̀gbọ́n mi wá. Ọ̀la ni fidáù. A ti ránṣẹ́ pe Lábísí." Mo ní kó jẹ́ kí n dán an wò kí n tó fi ránṣẹ́. Ó ní òun ń retí. Bó ṣe yíjú padà ni mo ti àwo náà bọ inú ẹ̀rọ. Ó yí gìrì, ó yí gìrì, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo nù ún mọ́ ṣòkòtò mi, mo tún tì í bọ inú rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, mo kà bisimilahi sí i, èmi tí n kì í ṣe mùsùlùmí! Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Òrùka dúdú tí mo rí yẹn, ìdajì iṣẹ́ ni. Àwo tí ẹ̀rọ kò bá pa ẹnu rẹ̀ dé kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò sáré bá Bàrúwà kí n dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin kò mọ Bàrúwà. Ẹ ò sì mọ èmi náà: mo ro ti ohun tí mo kọ sára ògiri, mo ro bí gbogbo ọjà yóò ṣe máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, èmi tí mo ń fi gbogbo ayé ṣe yẹ̀yẹ́. Mo wá bi ara mi pé kí tilẹ̀ ni bàbá tó ń kú lè bá ọmọ tó ṣẹ̀ ẹ́ sọ? Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti sọ ọ́ lórí ìtàgé? Mo ní, "Kòkúmọ́, oore lò ń ṣe." Mo ti ilẹ̀kùn. Mo fa ọ̀fun mi wálẹ̀, mo pe ohùn Bàbá Àúdù, ohùn náà sì jẹ́ mi. Àwo òfìfo kan ṣoṣo ló kù nínú ṣọ́ọ̀bù, nítorí láti Àjàṣẹ́ ní Bìnẹ̀ ni wọ́n ti ń kó wọn wá, bodè sì ti tì. Òun ni mo fi jó irọ́ náà. Ìyẹn jó dáadáa. Ìyẹn jó dópin.

Mo wà níbi fidáù náà. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sáàárín àgbàlá. Lábísí jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sórí itan bí ẹni ń retí ẹ̀bùn. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ikọ́ mi jáde, ikọ́ Bàbá Àúdù. Mùínátù, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ ìyá Lábísí, bú sẹ́kún lójú ẹsẹ̀. Ohùn náà ní, "Lábísí, ọmọ mi. Ohun tí o ṣe dùn mí dé eegun. Ṣùgbọ́n mo dárí jì ọ́. Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ má fi ikú Sàláúdéènì bi í mọ́." Mo wojú Lábísí kí n lè rí omijé ayọ̀. Ẹ̀yin èèyàn, mo ti rí oríṣiríṣi ojú láti orí ìtàgé, n kò rí irú ojú yẹn rí. Ó dà bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná lé lára tí kò tíì mọ ibi tó ti wá. Ó ní, "Ẹ tún un gbé sí i." Wọ́n tún un gbé. Ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, hà! Ó dìde, ó tú gèlè dúdú orí rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ ti kú tán, ẹ tún ń tì mí sínú ihò." Bàrúwà ti dìde ní tirẹ̀, ó ń nàka sí ẹ̀rọ: "Ṣé ẹ gbọ́? Ẹni tí kò ṣẹ̀, ta ní ń dárí jì í? A ti ń fura tẹ́lẹ̀, bàbá rẹ̀ ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ báyìí! Lábísí, ìwọ lo pa ẹ̀gbọ́n rẹ. Má tún fi ẹsẹ̀ tẹ ilé yìí mọ́, ìbáà jẹ́ òkú, ìbáà jẹ́ ààyè." Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àkàrà sààrà lọ́wọ́ mi. Ìdáríjì ni mo kọ, ẹjọ́ ikú ni wọ́n kà. Mo sì jẹ àkàrà náà. Ẹ̀yin ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́.

Bí ó bá tán síbẹ̀, ǹ bá máa pè é ní àṣìṣe. Kò tán síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ọláoyè, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìlaro, sọ fún mi pé ètò kọ̀ǹpútà kan wà lọ́wọ́ òun báyìí tó lè ka àwo tí kò jó dópin. "Ibi tí iná bá jó dé," ó ní, "á kà á fún yín." Àwo Bàbá Àúdù dà? Mo ti dà á sínú páálí àwọn àwo tó bàjẹ́, mo sì ti fi páálí náà ta Ìyá Ojúọlá, tó ń dáko ìrẹsì, lọ́rẹ! Bodè tó tì ti mú kí gbogbo ayé máa gbin ìrẹsì, àwọn ẹyẹ ẹ̀gà sì ń jẹ wọ́n lóko. Àwo tó bá ń yí lórí okùn, tó ń kọ mànà nínú oòrùn, ló ń lé wọn. Mo sáré dé àkùrọ̀ Ìyá Ojúọlá. Àwo ló so rẹrẹ. Mo kó wọnú ẹrẹ̀, mo ń fo láti okùn dé okùn, mo ń yí wọn wò lẹ́yìn. Ìyá Ojúọlá ń pariwo pé, "Kòkúmọ́, ìwọ àti ẹ̀gà, èwo ni kí n lé?" Mo rí i ní igun oko. BÀBÁ ÀÚDÙ. Àná ló so ó, oòrùn kò tíì jẹ ẹ́.

Nínú ṣọ́ọ̀bù Ọláoyè ni mo ti gbọ́ ọ, tí mo fi ẹ̀rọ ìfetígbọ́ dí etí mi méjèèjì. Ohùn bàbá náà jáde, ó sì rọ̀ ju tèmi lọ. "Lábísí, ọmọ mi. Èmi ni. Èmi ni mo lọ bá àwọn aṣọ́bodè. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba ọ̀kadà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ, kí wọ́n dẹ́rù bà á, kí wọ́n dá a padà fún mi láàyè. Mo rò pé ọ̀kadà ni n óò pàdánù. Nígbà tí wọ́n ní ìwọ ni, mo ní kí n sọ̀rọ̀, ahọ́n mi gan. Mo jẹ́ kí o gbé e lọ sí Àyétòrò. Èmi ló yẹ kí n kúnlẹ̀ fún ọ, ọmọ mi. Lábísí, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe fún mi ni pé..." Ó já síbẹ̀. Ibẹ̀ ni epo ti tán. Ọláoyè ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí?" Mo yọ àwo náà, mo fi bọ àpò. Ìjẹ́wọ́ ni bàbá náà wá ṣe lọ́dọ̀ mi, mo sì sọ ọ́ di ẹ̀sùn. Ó fẹ́ gbé ẹrù kúrò lórí ọmọ rẹ̀, mo fi ohùn òun gan-an gbé e padà, mo sì dè é mọ́ ọn lórí.

Ẹ má rò pé ìyẹn ló burú jù. Èyí tó burú jù rèé. Láìpẹ́ sígbà náà, Lábísí fúnra rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, oyún ti hàn lára rẹ̀, eruku ọ̀nà Àyétòrò bò ó lẹ́sẹ̀. Kò jókòó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Kòkúmọ́, ẹ̀yin lẹ ká ohùn Bàbá. Mo fẹ́ bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ṣé gbogbo ohun tó sọ nìyẹn? Kò sọ nǹkan mìíràn?" Àwo òtítọ́ wà nínú dúrọ́à tí orúnkún mi fara kàn. Bí mo bá na ọwọ́, á dé e. Mo wojú rẹ̀, ojú ẹni tí ebi ọ̀rọ̀ ń pa. Mo sì ní, "Àbúrò mi, gbogbo rẹ̀ nìyẹn." Èmi tí mo mọ̀! Èmi tí mo ti gbọ́! Ó mirí. Ó ní, "Ó dáa. Ó ti tán láàárín èmi àti Bàbá." Ó bí ọmọkùnrin. Àwọn èèyàn ọkọ rẹ̀ ní Babátúndé ni ọmọ yóò jẹ́, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fi orúkọ yẹn pe ọmọ òun, kó má wọlé òun mọ́. Wọ́n ṣí bodè, ìrẹsì ń wọlé, èèyàn ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Kò sí ìgbà tí mo wúkọ́ tí n kì í gbọ́ bàbá náà.

Mùínátù ló já okùn tó so mí lẹ́nu. Ìyá Lábísí kú lọ́dún yìí. Mo lọ kí i nígbà tó wà lórí àìsàn, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Kòkúmọ́, Bàrúwà kò jẹ́ kí ọmọ mi wá. Ṣé èmi náà á lọ báyìí láìrí i?" Ó sì lọ láìrí i. Bí mo ṣe kúrò lẹ́bàá òkú rẹ̀ ni mo mọ̀ pé bí n kò bá sọ ọ́, èmi kì í ṣe èèyàn mọ́.

Nígbà fidáù rẹ̀, mo gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká tí Ọláoyè fi ètò rẹ̀ sí lọ. Mo dìde láàárín àgbàlá, mo ní, "Ẹ̀yin ará ilé Àúdù, ọ̀daràn ni mí." Ẹ̀rín bú gbà! Ẹnì kan ní, "Ẹlẹ́numẹ́ta ti dé o!" Àlùfáà pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo ní, "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, irọ́ ni àwo tí ẹ gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo sọ ọ́." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Mo pa ojú mi dé, mo fa ọ̀fun mi wálẹ̀, mo sì sọ ọ́ lójú wọn: "Lábísí, ọmọ mi. Ohun tí o ṣe dùn mí dé eegun." Abọ́ sààrà bọ́ lọ́wọ́ obìnrin kan. Ẹ̀rín kú bí iná tí wọ́n bu omi pa. Mo fi àwo òtítọ́ sínú ẹ̀rọ kí wọ́n tó rántí lù mí, ohùn Bàbá Àúdù jáde, ó jẹ́wọ́ tirẹ̀ títí ó fi já. Mo rò pé ó ti parí. Bàrúwà ní, "Òpùrọ́! Ìyẹn náà, ìwọ ni! Ẹni tó lè sọ ti àkọ́kọ́, kí ni kò ní lè sọ?" Gbogbo ilé ní òótọ́ ni. Ẹnu mi, tó fi irọ́ ṣe òtítọ́, ti sọ òtítọ́ di irọ́.

Ìgbà náà ni ohùn kan dún lẹ́yìn ọgbà. "Bàbá Bàrúwà, Bàbá mi ni." Lábísí ni. Ó ti dúró síta láti àárọ̀, tòun ti ọmọ rẹ̀, ó ń bá òkú ìyá rẹ̀ ṣàdúrà láti ẹ̀yìn ọgbà, nítorí wọ́n ní kó má wọlé. Ó wọlé báyìí. Ó ní, "Ìgbà wo ni Bàbá mi jẹ dùńdú lẹ́bàá ọ̀nà rí? Lọ́sàn-án tó ṣáájú ikú Ẹ̀gbọ́n mi, ó wá síbi tí mo ti ń ta ọjà. Ó jókòó ti àwọn aṣọ́bodè, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo rí i. Ó rí i pé mo rí òun. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n gbé òkú dé." Bàrúwà ní, "O mọ̀, o sì dákẹ́?" Ó ní, "Bàbá mi ni. Mo ní ó máa sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ohun tí mo ń retí kò ju ìyẹn lọ." Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rò pé orúkọ rẹ̀ nìkan ni mo bà jẹ́. Ọmọ yìí ti gbé ẹ̀ṣẹ̀ bàbá rẹ̀ tinútinú, ó ń dúró de gbólóhùn kan ṣoṣo, gbólóhùn náà sì ti jáde lẹ́nu bàbá náà, èmi ni mo dúró lójú ọ̀nà. Bàrúwà ṣí fìlà lórí. N kò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó ní, "Ọmọ, jókòó."

Lábísí kò jókòó. Ó wá síwájú mi. Ó ní, "Tún un gbé sí i." Mo tún un gbé. Ó tẹ́tí títí dé ibi tí bàbá ti ní, "Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe fún mi ni pé..." Ó ní, "Kí ló sọ tẹ̀lé e?" Mo ní, "N kò mọ̀." Ó ní, "Kí ni Bàbá mi fẹ́ kí n ṣe fún òun?" Mo ní, "Àbúrò mi, mo pa á rẹ́. Mo pa á rẹ́ kí n lè ráyè fi ijó ìgbéyàwó ẹlòmíràn sí i." Ó ń wo ẹnu mi. Ọ̀rọ̀ ogún, ọ̀rọ̀ ọgbọ̀n ń sáré wá sórí ahọ́n mi, gbogbo rẹ̀ ní ohùn bàbá rẹ̀, gbogbo rẹ̀ dùn ún gbọ́, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé èyíkéyìí tí mo bá sọ, ó lè gbà á. Mo fi eyín di ètè mi mú títí ó fi ṣẹ̀jẹ̀. Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó wọ yàrá ìyá rẹ̀ lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, ohun tí wọ́n bá gbé lé yín lọ́wọ́ kì í ṣe ẹrù kọ̀ǹpútà, ẹ̀mí èèyàn ni. Ẹ gbọ́ ọ dópin kí ẹ tó pa á rẹ́. Bí ó bá sì bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ sáré lọ sọ ọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ àṣìṣe. Ìwọ Lábísí, bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé ọ̀dọ̀ rẹ ní Àyétòrò, n kò ní sọ pé kí o dárí jì mí. Èmi ni mo ba ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ sí ọ létí, kò sì tọ́ kí n tún máa fi bẹ̀ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí o dì mú nìkan ni pé bàbá rẹ sọ ọ́. Kó tó kú, kí epo tó tán, ó sọ ọ́, ó sì bẹ̀ ọ́. Èmi náà rèé lórí ìkúnlẹ̀, n kò wúkọ́, n kò yí ohùn padà. Ohùn mi rèé.